Ta Ni À Ń Pè Ní Kèfèrí?

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tí ó yá ẹnu láti sọ, ṣùgbọ́n tí ó ṣòro láti túmọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni kèfèrí. Mùsùlùmí a máa pe abọ̀rìṣà ní kèfèrí. Onígbàgbọ́ náà a sì máa pè é bẹ́ẹ̀. Bí ìjà bá dé, Mùsùlùmí a pe Onígbàgbọ́ ní kèfèrí, Onígbàgbọ́ náà a sì dá a padà fún un lójú ẹsẹ̀. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò jí lọ sí ìsìn òwúrọ̀ a sì máa pariwo ní ẹ̀yìnkùlé pé, "Àbí kèfèrí ni mo bí ni?" Bí ẹ̀wù kan bá bá gbogbo ènìyàn mu báyìí, ó tọ́ kí a béèrè bóyá aránṣọ tilẹ̀ wọn ẹnikẹ́ni kí ó tó rán an.

Ohun tí ó mú mi ronú kan ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn ọ̀dọ́ kan ti wà láàárín wa nísinsìnyí tí wọn kì í ṣe abọ̀rìṣà, tí wọn kì í ṣe Mùsùlùmí, tí wọn kì í sì í ṣe Onígbàgbọ́. Nínú wọn ni a ti rí ẹni tí ó ní Ọlọ́run kò sí. Nínú wọn ni a ti rí ẹni tí ó ní òun kò mọ̀ bóyá Ó wà tàbí kò sí. A sì rí ẹni tí ó ní Ọlọ́run wà, Òun ni ó dá ayé, ṣùgbọ́n kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́, kì í sì í dá sí ọ̀rọ̀ wa. Èrò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni èyí, ṣùgbọ́n orúkọ kan ṣoṣo ni ilé àti àdúgbò ní fún gbogbo wọn. Èmi kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí, mo sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ èdè ni mò ń kọ́, n kò sì rò pé ó yẹ kí ẹni tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè máa wo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kí ó máa ru ẹrù ènìyàn mẹ́ta, kí ó sì dákẹ́.

Ẹlẹ́yẹlé ni mo ti gbọ́ àríyànjiyàn tí mo fẹ́ ròyìn. Ẹni tí ó bá mọ Ìbàdàn mọ Ẹlẹ́yẹlé, níbi tí a gbé dí odò Ọ̀nà ní ọdún 1942 kí ará ìlú lè rí omi ẹ̀rọ mu. Ibẹ̀ ni olú-ilé-iṣẹ́ àwọn ọlọ́pàá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà, ibẹ̀ náà sì ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì wà. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbàgbé ni pé Ẹlẹ́yẹlé ni Yunifásítì Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1948, nígbà tí à ń pè é ní University College, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ níbẹ̀, nínú àwọn ilé tí ó ti jẹ́ ilé-ìwòsàn àwọn ológun, kí a tó kó ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ sí ibi tí ó wà títí di òní. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn ní ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ibẹ̀, Geoffrey Parrinder, sì ṣe ìwé kan jáde ní ọdún 1953 lórí ẹ̀sìn ní ìlú Ìbàdàn yìí gan-an. Nítorí náà, bí àwọn ọ̀dọ́ bá jókòó ní Ẹlẹ́yẹlé tí wọ́n ń bi ara wọn léèrè nípa Ọlọ́run, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àṣà tuntun ni wọ́n gbé dé.

Àwa mẹ́fà tàbí méje ni a máa ń pàdé ní yàrá ọ̀rẹ́ wa kan tí ó háyà ilé sí àdúgbò náà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni a máa ń péjọ, nígbà tí àwọn tí ó lọ sí ìsìn ti dé, tí àwọn tí kò lọ sì ti sùn tó. A ó pọn gààrí sínú abọ́, a ó da ẹ̀pà lé e, ọ̀rọ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ tí mò ń wí ń kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì. Ó ní, "Ní tèmi, Ọlọ́run kò sí." Kò fi ẹ̀rín sọ ọ́. Àìsàn arómọléegun ni ó pa àbúrò rẹ̀ obìnrin nígbà tí ọmọ náà wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ìjọ mẹ́ta ni ó gbààwẹ̀ fún ọmọ náà, wòlíì méjì ni ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé kò ní kú. Ó ní bí ẹnìkan bá wà tí ó lágbára láti gba ọmọ bẹ́ẹ̀ là, tí ó sì ń gbọ́ igbe rẹ̀ lóru, kò lè dákẹ́.

Ọ̀rẹ́bìnrin wa kan tí ń kọ́ ìmọ̀ òfin, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun wákàtí márààrún ṣeré, dá a lóhùn pé, "Ẹni tí ó ń bínú sí ẹnìkan ti gbà pé ẹni náà wà nìyẹn."

Ó ní, "N kò bínú sí Ọlọ́run. Àwọn tí ó ń sọ fún wa pé àwọn mọ ohun tí ó wà ní ọkàn Rẹ̀ ni mo ń bínú sí."

Ẹnìkẹta gba ọ̀rọ̀ náà. Òun ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ó ní òun gbà pé Ẹlẹ́dàá wà, nítorí pé ayé létò ju ohun tí ó lè ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n òun kò gbà pé Ó ń fetí sí ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó nawọ́ sí ìhà adágún omi, ó ní, "Ẹ wo omi yìí. Àwọn tí ó dí odò Ọ̀nà ti lọ tipẹ́. A kò mọ orúkọ wọn, wọn kò sì mọ tiwa. Síbẹ̀ omi ń gba inú páìpù wá sí ilé wa."

Ẹni tí ó háyà yàrá náà ní, "Páìpù wo? Omi kò yọ ní ilé yìí láti ọjọ́ Wẹ́sídeè!" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́bìnrin wa kò jẹ́ kí ẹ̀rín náà tán tí ó fi sọ pé, "Ìdí rẹ̀ gan-an tí èmi kò fi lè gba Ọlọ́run tirẹ gbọ́ nìyẹn. Ohun tí a ṣe sílẹ̀ tí a kò bojú wò mọ́, gbígbẹ ni yóò gbẹ."

Ẹnìkẹrin ni kò tí ì sọ ohunkóhun. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ni ó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ìlú wọn, alàgbà sì ni bàbá rẹ̀ nínú ìjọ náà. Nígbà tí a fi dandan mú un pé kí ó sọ tirẹ̀, ó ní, "Èmi kò mọ̀." Kíá ni ìhà méjèèjì kọlù ú. Ẹni tí ó ní Ọlọ́run kò sí sọ pé ojo ni. Àwa tí a ní Ọlọ́run wà sọ pé ẹlẹ́nu méjì ni. Ẹni tí ó bá dúró sí agbede méjì títì, ọkọ̀ tí ń lọ àti ọkọ̀ tí ń bọ̀ ni yóò máa fun fèrè mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó gbà mí lọ́kàn jù nínú gbogbo ohun tí a sọ ní ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a dá àríyànjiyàn náà dúró díẹ̀, kí a wo orúkọ tí a ń pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Láti inú èdè Lárúbáwá ni kèfèrí ti wá. Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà nínú èdè yẹn ni kí a bo nǹkan mọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti ń fi erùpẹ̀ bo irúgbìn. Ẹni tí ó mọ òtítọ́ tí ó sì bò ó ni a fi ń bá wí. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n bá ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn ènìyàn, wọ́n sì mú un lò fún gbogbo ẹ̀yà tí kì í ṣe Júù. Bákan náà ni àlùfáà, àdúrà àti wàásù ṣe gba ọwọ́ Mùsùlùmí bọ́ sí ọwọ́ Onígbàgbọ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ jẹ́ ti ẹni tí ó bo òtítọ́ mọ́lẹ̀ di ọ̀rọ̀ fún ẹni tí kì í ṣe Júù, ó sì tún di ọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò bá tiwa mu.

Kì í sì í ṣe èdè wa nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí àwọn Òyìnbó mú fún ẹni tí ó ní Ọlọ́run kò sí, aláìlọ́lọ́run ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 1800 ọdún sẹ́yìn, àwọn ọmọ Onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni àwọn ará Róòmù ń pe orúkọ yìí mọ́, nítorí pé wọ́n kọ̀ láti rúbọ sí àwọn òrìṣà ìlú. Bí a bá mú Onígbàgbọ́ ìgbà náà wá sí Ẹlẹ́yẹlé, tí a bi í léèrè ẹni tí ń jẹ́ aláìlọ́lọ́run, yóò ní, "Èmi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀."

Ní ti ẹni tí ó ní òun kò mọ̀, kò ní orúkọ kankan nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì títí di ọdún 1869. Ní ọdún náà, ọ̀gbẹ́ni Thomas Henry Huxley, onímọ̀ nípa ẹranko àti ẹ̀dá abẹ̀mí, wà nínú ẹgbẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti máa ń jiyàn nípa ẹ̀sìn. Ó wò yíká, ó rí i pé olúkúlùkù ni ó ní orúkọ tí ó ń fi èrò ara rẹ̀ jẹ́, àfi òun nìkan. Ó wá da orúkọ kan sílẹ̀ fún ara rẹ̀ láti inú èdè Gíríìkì, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ aláìmọ̀. Ẹ wò ó! Ọlọ́gbọ́n ènìyàn kò lè jókòó ní àlàáfíà láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ títí ó fi rí orúkọ jẹ́.

Ẹni kẹta, èyí tí ó gba Ẹlẹ́dàá gbọ́ láìgba wòlíì gbọ́, òun ni irú rẹ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Voltaire, ọmọ ilẹ̀ Faransé, wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni Thomas Paine. Ohun tí ó jẹ mọ́ àwa Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ yìí kò kéré. Àwọn Òyìnbó kan wí nígbà kan pé irú Ọlọ́run bẹ́ẹ̀ gan-an ni Olódùmarè: pé Ó dá ayé tán, Ó fi í lé àwọn òrìṣà lọ́wọ́, Ó sì fẹ̀yìn tì. Ẹ̀rí tí wọ́n ń tọ́ka sí ni pé Ògún ní ojúbọ, Ọ̀ṣun ní ojúbọ, ṣùgbọ́n Olódùmarè kò ní. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú, tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn kí ó tó di olórí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà, ta ko èyí nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tí ó jáde ní ọdún 1962. Ó ní àwọn òrìṣà kì í ṣe ohunkóhun láìsí àṣẹ Olódùmarè, àti pé orúkọ Rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu Yorùbá láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 1970, Okot p'Bitek, akéwì ọmọ Ùgáńdà, dìde sí Ìdòwú àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé wọ́n ń rán aṣọ Gíríìkì wọ àwọn òrìṣà Áfíríkà kí wọ́n lè dà bí Ọlọ́run àwọn Onígbàgbọ́. N kò ní agbára láti parí ìjà àwọn àgbà. Ohun tí mo fà yọ ni pé ìbéèrè ọ̀rẹ́ wa ẹnjiníà, bóyá Ẹlẹ́dàá ń bojú wo ohun tí ó dá, kì í ṣe ìbéèrè tí ó kà nínú ìwé Òyìnbó nìkan. Ó wà ní ilé wa tipẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Ẹlẹ́yẹlé. Bí àríyànjiyàn náà ti gbóná tó, kò sí èyí tí ó pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́ bí ìbéèrè ìyá onílé. Ìyá yìí ń ta ẹja ní ọjà, kò sì kàwé púpọ̀. Ó yọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń gbọ́ yín láti ẹ̀yìn ògiri. Ẹ kàwé jù mí lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ní kò sí Ọlọ́run yìí, bí ó bá yá owó lọ́wọ́ mi, kí ni n ó ní kí ó fi búra?"

Ọ̀rẹ́ wa ní, "Màmá, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ ẹnu mi tó."

Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹnìkan jẹ mí ní gbèsè láti ọdún kéjì, n kò tí ì rí i gbà. Bíbélì ni òun fi búra." Ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìbéèrè tí ìyá yìí bi wá ní ẹnu ọ̀nà ni àwọn ọlọ́gbọ́n ayé ti bi ara wọn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ní ọdún 1689, John Locke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé láti sọ pé kí ìjọba fi àyè gba onírúurú ẹ̀sìn; síbẹ̀ ó yọ àwọn tí ó ní Ọlọ́run kò sí sílẹ̀, nítorí pé ìbúra kò lè dè wọ́n. Ní ọdún 1880, wọ́n dìbò yan Charles Bradlaugh sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní òun kò gba Ọlọ́run gbọ́, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe ìlérí dípò ìbúra. Wọ́n kọ̀ fún un. Léraléra ni àwọn ará ìlú tún dìbò yàn án, ọdún 1886 ni ó sì tó jókòó sí àyè rẹ̀. Ní ọdún 1888 ni òfin wá gba gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ láyè láti ṣe ìlérí láìbúra. Ní ilé-ẹjọ́ tiwa náà, ọ̀rẹ́bìnrin wa amòfin-lọ́la ṣàlàyé pé Onígbàgbọ́ ń fi Bíbélì búra, Mùsùlùmí ń fi Al-Kùránì búra, oníṣẹ̀ṣe ń fi irin búra, ẹni tí kò bá sì ní èyíkéyìí lè ṣe ìlérí pé òtítọ́ ni òun yóò sọ. Bí ó bá purọ́, ẹ̀wọ̀n kan náà ni gbogbo wọn yóò lọ.

Ní ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni orúkọ Táì Ṣólàrín jáde, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń jáde nígbàkígbà tí irú àríyànjiyàn yìí bá wáyé ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni, a bí i ní ọdún 1922, ó sì kú ní ọdún 1994. Ó fi ipò ọ̀gá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó sì dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1956, nítorí pé ó fẹ́ ilé-ìwé tí kò ní àdúrà àárọ̀, tí kò sì ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Oko ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ń ro. Kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni pé òun kò gba Ọlọ́run gbọ́. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba ń wá ẹni tí yóò máa gbọ́ ẹ̀sùn àwọn mẹ̀kúnnù ní apá ibí ní àwọn ọdún 1970, òun ni wọ́n mú. Nígbà tí wọ́n sì dá People's Bank sílẹ̀ ní ọdún 1989 láti máa yá àwọn tálákà lówó, òun ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Ọ̀rẹ́ wa onífísíìsì ní, "Ẹni tí kò ní ohun tí yóò fi búra ni wọ́n gbé àpò owó ìlú lé lọ́wọ́. Ṣé ẹ rí i?"

Ọ̀rẹ́bìnrin wa ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Ó tún rán wa létí pé Wesley College, ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn níbí, ni Ṣólàrín ti kẹ́kọ̀ọ́. Bóyá ìwà tí ẹ̀sìn kọ́ ọ ni ó fi ń ta ẹ̀sìn nù. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òtítọ́ mìíràn tún wà níbẹ̀: ìwà ni ìyá ẹlẹ́ja ń wá, ìbúra kọ́. Bíbélì kò mú onígbèsè rẹ̀ sanwó.

Títí dé ìhín, ọ̀rọ̀ ẹnu ni gbogbo rẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹnìkan, a kò mọ ẹni náà títí di òní, gbé ọ̀rọ̀ lọ bá bàbá ọ̀rẹ́ wa tí ń tẹ dùùrù pé ọmọ rẹ̀ ti di kèfèrí ní Ìbàdàn. Bàbá ránṣẹ́ pé òun kò san owó ilé-ìwé mọ́. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, ẹni tí kò bá sì tí ì sanwó kò ní wọ yàrá ìdánwò. Àwa mẹ́ta ni a tẹ̀lé e lọ bẹ bàbá. Ọ̀rẹ́bìnrin wa Mùsùlùmí ni ó sì kọ́kọ́ dìde pé òun yóò lọ.

A dọ̀bálẹ̀, ọ̀rẹ́bìnrin wa kúnlẹ̀. Bàbá kò pariwo. Ó bi ọmọ rẹ̀ pé, "Mo gbọ́ pé o ní Ọlọ́run kò sí."

Ọmọ ní, "Rárá o, Bàbá. N kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní n kò mọ̀ ni."

"Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà nínú méjèèjì?"

Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn. Bàbá wá ní, "Ìwọ nìkan ni ọmọkùnrin tí mo bí. Bí mo bá kú, ta ni yóò dúró lẹ́bàá ibojì mi tí yóò ṣe Àmín, tí Àmín náà yóò sì ti inú rẹ̀ wá?"

Nígbà náà ni ó yé mi pé kì í ṣe ìkà ni bàbá yìí ń ṣe. Ẹ̀rù ni ó ń bà á. Ọ̀rẹ́bìnrin wa ni ó rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní, "Ẹ forí jì mí, Bàbá. Bí ó bá ti purọ́ fún yín pé òun gbàgbọ́, ẹ̀ bá ti sanwó. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ ọ pé kí ó má purọ́. Ẹ má jẹ́ kí ó rí i pé irọ́ ni ó ń sanwó ilé-ìwé." Bàbá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Níkẹyìn, ó ní òun yóò san ti ọdún yìí. Ní ti ọdún tí ń bọ̀, ó ní kí a jẹ́ kí ó dé ná. Ọmọ náà ní òun kò ní tẹ dùùrù mọ́ àfi bí ìjọ bá mọ ohun tí ó wà lọ́kàn òun, tí wọ́n sì tún ní kí òun máa tẹ̀ ẹ́. Ìjọ kò tí ì fún un lésì.

Ìbéèrè bàbá náà ni mo gbé wá síwájú yín. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín "kò sí" àti "n kò mọ̀"? Bí o bá dé ọ̀dọ̀ olóúnjẹ, tí o béèrè iyán, tí ó ní "kò sí", wàá bá tìrẹ lọ. Bí ó bá ní, "N kò mọ̀, jẹ́ kí n yẹ inú abọ́ wò", wàá dúró. Ẹni tí ó ní òun kò mọ̀ ṣì ń yẹ inú abọ́ wò. Ẹni tí ó bá lé e jáde nílé, òun ni ó pa ìlẹ̀kùn dé mọ́ ọn kí ó tó wò ó tán.

Èdè wa pàápàá jẹ́rìí sí èyí. Ní ọdún 1986, Ọ̀jọ̀gbọ́n J. O. Ṣódípọ̀ àti Barry Hallen, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Ifẹ̀, ṣe ìwé kan jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti jókòó ti àwọn oníṣègùn láti mọ bí Yorùbá ti ń lo mọ̀ àti gbàgbọ́. Ohun tí wọ́n rí ni pé Yorùbá kì í sọ pé òun mọ nǹkan àfi bí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, bí ó ti wù kí ẹni náà jẹ́ olóòótọ́ tó, ìgbàgbọ́ ni. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò fúnra yín: a gbà, a sì gbọ́. Etí ni ó wà nínú rẹ̀, ojú kò sí níbẹ̀. Nítorí náà ni a kò fi ń pe ara wa ní Onímọ̀ nígbà tí à ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Onígbàgbọ́ ni à ń jẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, èmi tí mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ọ̀rẹ́ mi tí kò mọ̀, ẹ̀gbẹ́ odò kan náà ni àwa méjèèjì wà. Èmi kò rí, òun kò rí. Èmi gba ohun tí mo gbọ́. Òun kò tí ì gbà á. Ẹni tí ó ti rí òdìkejì odò lè máa ṣe gààrù sí ẹni tí kò rí i. Ẹni tí ó gbọ́ ìròyìn rẹ̀ bíi tèmi kò ní ẹ̀tọ́ sí irú gààrù bẹ́ẹ̀. Èyí kò dín ìgbàgbọ́ mi kù. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ orúkọ kò tó nǹkan. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2020, àwọn ọlọ́pàá mú Mubarak Bala ní Kàdúná, olórí ẹgbẹ́ àwọn tí kò gba ẹ̀sìn gbọ́ ní Nàìjíríà, nítorí ohun tí ó kọ nípa ẹ̀sìn. Ní ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ ní Kánò rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 24. Ní ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dín in kù sí ọdún márùn-ún, ó sì jáde ní oṣù kìíní ọdún 2025. Bẹ́ẹ̀, abala 38 nínú òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fún olúkúlùkù ní òmìnira èrò, ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn. Ní ilẹ̀ Yorùbá a kì í sábà fa ara wa lọ sí ilé-ẹjọ́ nítorí irú èyí. Oúnjẹ, owó ilé-ìwé àti orí ìdílé ni àwa fi ń dájọ́ tiwa, kò sì sí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fún ìwọ̀nyí.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ni pé kí a fi ọ̀rọ̀ kèfèrí sílẹ̀ nínú àwọn ìwé mímọ́ tí a ti bá a, kí a sì fún olúkúlùkù ní orúkọ tí ó tọ́ sí i. Mo dábàá pé kí a máa pe ẹni tí ó ní Ọlọ́run kò sí ní aláìgbọlọ́rungbọ́. Kí a pe ẹni tí kò mọ̀ ní aláìmọ̀dájú. Kí a sì pe ẹni tí ó gba Ẹlẹ́dàá gbọ́ láìgba wòlíì gbọ́ ní agbẹlẹ́dàágbọ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ojú ọ̀run sì tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kẹta yìí gùn, kò sì dùn létí tó. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé bá ní èyí tí ó sàn jù ú lọ, kí ó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ sí olóòtú wa kí ìwé wa tí ń bọ̀ tó jáde.